Rírí Yàtọ̀ sí Mímọ̀: Ọdẹ, Ehoro àti Awò Òru

Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní Ìlọrin sọ pé iṣẹ́ ọdẹ ni ó fa orúkọ ìlú náà. Wọ́n ní òkúta kan wà níbẹ̀ tí ọdẹ tí ó tẹ̀dó síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ máa ń lọ irin rẹ̀ lé lórí. Nígbà tí àwọn ará àgbègbè bá ń lọ síbẹ̀, wọn a ní ibi ìlọ-irin ni àwọn ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe di Ìlọrin. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí kò fara sin. Ọdẹ kì í mú irin wọ igbó láìkọ́kọ́ lọ̀ ọ́, kì í sì í gbà pé ó mú títí yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹnu rẹ̀ wò.

Irin tuntun kan ti wọ igbó ọdẹ ní àkókò tiwa yìí. Kì í ṣe àdá, kì í ṣe ọ̀kọ̀, kì í sì í ṣe ìbọn. Awò ni. Awò òru jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi ojú kan wò, tí ó ń jẹ́ kí ọdẹ rí ẹran nínú òkùnkùn biribiri láìtan iná tí ẹran yóò rí. Ní ìgbà kan, ológun nìkan ni ó ń lo irú rẹ̀. Lónìí, èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ti wà ní ọjà káàkiri àgbáyé, àwọn tí ń pa ehoro lóru sì wà lára àwọn tí wọ́n ń polówó rẹ̀ fún. Kí ni ọdẹ yóò fi mọ èyí tí ó dára nínú wọn? Kí ni ó yẹ kí ó díwọ̀n kí ó tó sanwó? Ìbéèrè yìí ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀mí ehoro nìkan.

Ọdẹ méjì ní Ìpàtà

Bí a bá ń ka àwọn ọjà tí a mọ̀ mọ́ ẹran títà ní Ìlọrin, a kò lè fo Ìpàtà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn yàwòrán ọdẹ méjì tí wọ́n pàdé níbẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Èkíní jẹ́ àgbà ọdẹ tí ó ti ń dẹ òru kí wọ́n tó bí èkejì. Èkejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìbọn. Ó mú awò òru kan lọ́wọ́, èyí tí oníṣòwò kan fẹ́ tà fún un. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì na awò náà sí àgbà.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ẹni tí ó fẹ́ tà á ní ó ń rí ohun tí ó wà ní igba mítà nínú òkùnkùn.”

Bàbá gbà á, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. “O káre, ọmọ mi. Ìbọn rẹ ńkọ́? Mítà mélòó ni ó ti ń bá ẹran?”

“Bàbá, kò ju ogójì lọ.”

“Ọgọ́jọ mítà tí ó kù, kí ni o fẹ́ máa fi ṣe?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó tún bi í pé, “Ní igba mítà yẹn, ó ní o óò rí nǹkan. Ṣé ó ní o óò mọ nǹkan náà?”

Nínú ìbéèrè kejì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Yorùbá kì í pa rírí àti mímọ̀ pọ̀. Ènìyàn lè rí ẹni kan ní òkèèrè kí ó má dá a mọ̀. Ó lè fura pé nǹkan wà níbì kan kí ó má tilẹ̀ rí i dáadáa. Ìfura, rírí àti dídámọ̀ jẹ́ ìpele mẹ́ta. Ẹni tí ó ń fi awò lásán ṣeré lè dúró ní ìpele èyíkéyìí tí ó bá wù ú. Ẹni tí ó di ìbọn mú kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìpele kẹta ni ó gbọ́dọ̀ dé kí ó tó yìnbọn.

Ojú tí ń tàn àti ojú tí kì í tàn

Kí awò òru tó dé, iná ni ọdẹ fi ń dẹ òru. Ní 1892, Thomas Willson, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣe àwárí ọ̀nà tí a lè gbà ṣe kábáìdì lọ́pọ̀ yanturu. Bí omi bá ń kán sí kábáìdì, afẹ́fẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ acetylene a máa jáde lára rẹ̀, bí a bá sì ṣáná sí i, a máa jó pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ funfun báláú. Láti ara ìmọ̀ yìí ni fìtílà kábáìdì ti jáde. Àwọn awakùsà dè é mọ́ orí lọ sí abẹ́ ilẹ̀. Àwọn ọdẹ tiwa náà dè é mọ́ iwájú orí wọ igbó. Nígbà tí ó yá, tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdẹ.

Ọgbọ́n kan náà ni fìtílà kábáìdì àti tọ́ọ̀ṣì ń lò. Ọdẹ a yí orí rẹ̀ káàkiri, ìmọ́lẹ̀ a bá ojú ẹran, ojú ẹran a sì dá ìmọ́lẹ̀ náà padà sí ọdẹ. Ojú ẹtu, ojú ìgalà, ojú ológbò, ojú ajá, ojú ewúrẹ́ àti ojú màlúù, gbogbo wọn ni wọ́n ní awọ dídán kan ní ẹ̀yìn ẹyinjú tí ń ṣiṣẹ́ bí dígí. Ehoro kò ní awọ yìí. Ìmọ́lẹ̀ tí ń padà láti ojú tirẹ̀ kéré, ó sì máa ń pọ́n, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ni ó ń fara hàn.

Ènìyàn náà kò ní awọ dídán yìí, níbẹ̀ sì ni ewu wà. Ọdẹ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ojú tí ń tàn lè rí ojú ewúrẹ́ kedere kí ó má rí ọmọ tí ó jókòó tì í. Ó lè rí ojú màlúù kí ó má rí darandaran tí ó sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó lè rí ojú ajá kí ó má rí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ni ajá náà. Àwọn àgbà ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òwe lásán lẹ́nu ọdẹ òru. Ohun tí ojú ń rí ni.

Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ fi ojú ẹ̀gàn wo awò òru. Ẹni tí ó bá lo èyí tí ó dára nínú rẹ̀ kò ní rí ojú nìkan. Yóò rí etí, ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ àti ìrìn ẹran náà, yóò sì rí ènìyàn tí ó jókòó tì í. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ ṣe lò ó, ó lè gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Bí awò òru ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn ń rí kì í ṣe gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó wà láyé. Bí a bá wo àwọn àwọ̀ tí ó wà nínú òṣùmàrè, pupa wà ní ìpẹ̀kun kan. Lẹ́yìn pupa yìí, ìtànṣán mìíràn wà tí ojú wa kò lè rí, èyí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní infrared. Àwọn ológun Jámánì àti ti Amẹ́ríkà ti ní awò tí ń lo ìtànṣán yìí lórí ìbọn kí ogun àgbáyé kejì tó parí ní 1945. Awò ìgbà náà wúwo púpọ̀, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ ẹrù tí ẹni tí ń lò ó ń gbé sẹ́yìn.

Ohun tí ó sọ ọ́ di fífúyẹ́ àti olówó kékeré ni ojú ẹ̀rọ tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná. Ní 1969, Willard Boyle àti George Smith ṣe irú ojú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2009. Ní àwọn ọdún 1990, Eric Fossum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú irú mìíràn jáde tí kò gba iná púpọ̀, tí ó sì rọrùn láti ṣe lọ́pọ̀. Irú kejì yìí ni ó wà nínú fóònù alágbèéká lónìí, òun náà ni ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ awò òru olówó pọ́ọ́kú.

Nǹkan mẹ́rin ni a ó bá nínú awò bẹ́ẹ̀. Dígí wà níwájú tí ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ojú ẹ̀rọ wà lẹ́yìn dígí. Iná kan wà lára rẹ̀ tí ń tan ìtànṣán infrared sí inú igbó bí ẹni tan tọ́ọ̀ṣì. Ní ìparí, gíláàsì kékeré kan wà níbi tí ọdẹ ń gbé ojú sí, tí ń fi àwòrán hàn bí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ẹ kíyè sí i pé awò yìí kò sọ òru di ọ̀sán. Iná ni ó ń tàn, ibi tí iná náà bá mọ ni ìríran rẹ̀ mọ.

Irú awò mìíràn tún wà tí kì í tan iná rárá, tí ó jẹ́ pé ooru ara ẹran ni ó ń rí. Owó èyí ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó dára púpọ̀ fún wíwá ẹran, nítorí pé ara gbígbóná a máa yọ kedere láàárín koríko tútù. Ṣùgbọ́n àwòrán ooru lè má fi ìrísí ohun náà hàn tó. Ó tún jẹ́ kí òtítọ́ tí a sọ lókè hàn sí i: ohun tí ó rọrùn láti rí lè ṣòro láti mọ̀.

Ìṣirò igba mítà

Ní 1958, John Johnson, tí ó ń ṣe ìwádìí fún àwọn ológun Amẹ́ríkà, gbé ìṣirò kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi ìlà dúdú àti funfun wọn bí àwòrán ṣe gbọ́dọ̀ fín tó kí ènìyàn tó lè lò ó. Ó rí i pé bí ìlà méjì, dúdú kan àti funfun kan, bá lè wọ inú ìbú ohun tí à ń wò, ó tó láti fura pé nǹkan wà níbẹ̀. Kí a tó mọ irú ohun tí ó jẹ́, ó gbà tó ìlọ́po 4 ìyẹn. Kí a tó dá ohun náà gan-an mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ó jọ ọ́, ó gbà tó ìlọ́po 6.4. Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, ẹni tí ń wò ó lè gbà á tàbí kí ó ṣì í. Ìdajì ìgbà ni ìṣirò náà sọ pé yóò gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìṣirò yìí wá sí Ìpàtà. Bí ó bá jẹ́ pé ìfura ni oníṣòwò ń wí nígbà tí ó ní awò òun ń rí mítà 200, a jẹ́ pé ní nǹkan bí mítà 50 ni ọdẹ yóò tó mọ irú ohun tí ó ń wò, ní nǹkan bí mítà 31 ni yóò sì tó dá a mọ̀ gan-an. Ìbọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ń dé mítà 40. Ìyẹn ni pé awò tí ó dà bí ẹni pé ó fi ọgọ́jọ mítà ju ìbọn lọ lè kúrú ju ìbọn náà lọ bí ó bá di ọ̀rọ̀ mímọ̀. Ibi tí ìbọn gbé ń dé tí ojú kò dé ni jàǹbá ti máa ń ṣẹlẹ̀.

A kò sọ pé gbogbo awò ni ìṣirò yìí bá mu rẹ́gí. Àwọn ohun tí Johnson fi ṣe ìdánwò kì í ṣe ehoro. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà tí ó tọ́ hàn wá: nọ́ńbà tí a kọ sára páálí awò kò níláárí títí a ó fi mọ̀ bóyá ìfura, rírí tàbí mímọ̀ ni ó ń sọ.

Ìdánwò márùn-ún

Bí ọdẹ bá fẹ́ lọ awò tuntun bí baba ńlá rẹ̀ ti ń lọ irin, ìdánwò márùn-ún ni ó yẹ kí ó ṣe.

Èkíní ni ìdánwò mímọ̀. Kí ó fi ìbọn sílẹ̀ nílé. Kí ó lọ sí pápá pẹ̀lú ẹnì kejì ní alẹ́, kí ẹni náà sì gbé oríṣiríṣi nǹkan kalẹ̀ láìsọ fún un: òkúta kan, ìkòkò kan, ewúrẹ́ tí a so, ènìyàn tí ó lóṣòó. Kí a gbé wọn sí mítà 20, 40, 60 àti 80. Kí ọdẹ máa wò, kí ó máa pe orúkọ ohun tí ó rí, kí ẹnì kejì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí ó bá ti ṣìnà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó mọ̀ pé ó ti kọjá ibi tí awò náà mọ. Àbọ̀ ìdánwò yìí níyì ju ohunkóhun tí oníṣòwò lè sọ lọ.

Èkejì ni ìdánwò koríko àti ojú ọjọ́. Igbó Ìlọrin jẹ́ ilẹ̀ koríko ju ilẹ̀ igi ńlá lọ. Bí koríko bá wà nítòsí ojú awò, iná infrared yóò bá koríko náà, yóò sì padà sínú awò, gbogbo àwòrán yóò wá funfun báláú, ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì parẹ́. Eruku ọyẹ́ àti ìkùukùu lẹ́yìn òjò ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Awò tí a dán wò nínú pápá mímọ́ nìkan kò tíì rí ìdánwò.

Ẹ̀kẹta ni ti iná rẹ̀. Irú méjì ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 850, tí nọ́ńbà náà jẹ́ ìwọ̀n ìtànṣán rẹ̀ ní nánómítà, ń dé ibi tí ó jìnnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọjú sí i yóò rí ìpọ́nrúsúrúsú díẹ̀ ní ẹnu iná náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní 940 kì í hàn sí ojú, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ kì í rí i dáadáa tó ti àkọ́kọ́, nítorí náà kì í jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Fún ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ kò kọjá mítà 40, kò sídìí tí yóò fi sanwó iná tí ń dé òkè odò.

Ẹ̀kẹrin ni ti agbára láti dúró. Ìbọn a máa ta sẹ́yìn. Awò tí a ṣe fún ìbọn kékeré tí àwọn òyìnbó fi ń pa ehoro lè má gba títa-sẹ́yìn ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Bí a bá sì dè é mọ́ ìbọn, ibi tí àmì inú awò ń tọ́ka sí gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ọta ń bà. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, ehoro tí ó fara gbọgbẹ́ ni yóò wọ inú koríko lọ kú. Ìbọn ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ kò tilẹ̀ ní ibi tí a lè de awò mọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni ti bátìrì àti ti ojú ọdẹ fúnra rẹ̀. Bátìrì tí kò lè gba òru kan já jẹ́ ewu fún ẹni tí ó wà ní ìdajì ọ̀nà nínú igbó, àti pé iná mànàmáná tí a óò fi gbé e sí kì í fi ìgbà gbogbo wà ní abúlé. Bákan náà, ìmọ́lẹ̀ inú gíláàsì awò a máa gba agbára ojú láti ríran nínú òkùnkùn. Ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ojú náà tó padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, kí ọdẹ má máa fi ojú méjèèjì gba gíláàsì, kí ó sì dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù.

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọbẹ̀ tí owó pa ni ó bá ọ̀nà ọ̀fun ẹni mu. Awò olówó pọ́ọ́kú tí ń jẹ́ kí ọdẹ dá nǹkan mọ̀ dájúdájú ní mítà 50 sàn fún oníbọn mítà 40 ju awò olówó gọbọi tí ń fi àmì funfun hàn án ní mítà 300.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan kún un. Ẹni tí ó de awò mọ́ ìbọn, tí kò sì ní òmíràn, ń fi ẹnu ìbọn wo gbogbo ohun tí ó bá fẹ́ wò. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn ni ó ń bọ̀, ẹnu ìbọn ni ó kọ sí ẹni náà. Nítorí èyí, awò tí a ń fi ọwọ́ mú ni ó yẹ kí ọdẹ kọ́kọ́ ní. Kí ó fi wò, kí ó fi mọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ó tó gbé ìbọn sókè.

Ehoro tiwọn àti ehoro tiwa

A tún gbọ́dọ̀ rántí pé láti ìlú òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ìpolówó àwọn awò wọ̀nyí ti ń wá, ìṣòro tiwọn níbẹ̀ sì yàtọ̀ sí tiwa. Ní 1859, Thomas Austin kó ehoro láti Gẹ̀ẹ́sì wọ Victoria ní Australia, ó sì tú wọn sílẹ̀ kí ó lè máa rí ohun yìnbọn sí. Ehoro wọ̀nyí bí sí i títí wọ́n fi di àjàkálẹ̀ tí ń jẹ oko run. Ní Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, òfin kan jáde ní 1880 tí ó fún àwọn àgbẹ̀ tí ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti pa ehoro tí ó bá ń ba oko wọn jẹ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ẹni tí ó bá pa ehoro púpọ̀ lóru kan ṣe àgbẹ̀ lóore.

Ehoro inú pápá tiwa kì í ṣe irú kan náà. Ehoro tiwọn ń gbẹ́ ihò, ó ń gbé pọ̀ lágbo, ọmọ rẹ̀ a sì máa fọ́jú, a sì máa wà láìnírun nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Tiwa kì í gbẹ́ ihò. Abẹ́ koríko ni ó ń ba sí, òun nìkan ni ó máa ń jẹ̀ púpọ̀ jù, ọmọ rẹ̀ sì ń ti inú wá pẹ̀lú irun lára àti ojú tí ó là. Òkùnkùn àti eré sísá ni ààbò rẹ̀. Bí a bá gba òkùnkùn lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì ààbò rẹ̀ ni a gbà. Ọdẹ tí awò òru mú kí iṣẹ́ rọrùn fún gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ààlà tí òkùnkùn ń fà fún un tẹ́lẹ̀: iye tí yóò pa, àti ìgbà tí yóò sinmi.

Ní Ìlọrin, tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹran ehoro ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú hadisi tí Bukhari kó jọ, Anas ọmọ Malik sọ bí àwọn ṣe lé ehoro kan, tí Abu Talha sì dú u, tí ó fi itan rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ànábì Mùhámmádù, tí Ànábì sì gbà á. Nítorí náà, bí ọdẹ bá gbé ehoro dé ọjà, kò yani lẹ́nu bí oníbàárà bá bi í pé, “Bàbá ọlọ́dẹ, ṣé ẹ dú u?” Ọdẹ tí ó yìnbọn ní òkèèrè nínú òkùnkùn kò ní tètè dé ibi tí ẹran rẹ̀ ṣubú sí. Ó lè bá a ní òkú, ó lè má bá a rárá. Ìyìnbọn ìtòsí ni ó ń jẹ́ kí ọ̀bẹ bá ẹran láàyè. Níhìn-ín pẹ̀lú, ìtòsí sàn ju òkèèrè lọ.

Òfin àti ìlú

Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó jáde ní 1959 kò fún ẹnikẹ́ni ní àyè láti ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ, títí kan ṣakabùlà. Awò tí a fẹ́ dè mọ́ ìbọn kì í ṣe ohun tí à ń rà bọ àpò láìwádìí. Kí ọdẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ó tó rà á. Bákan náà, ìbọn ọdẹ kò gbọ́dọ̀ dún nínú ọgbà ẹranko ìjọba bí i ti Ọ̀yọ́-Ilé àti ti Kainji.

Yàtọ̀ sí òfin ìjọba, òfin ìlú wà. Ní àkókò tí ìjínigbé ti mú kí àwọn ará ìgbèríko máa fura sí ẹnikẹ́ni tí ó bá wà nínú igbó lóru, ọdẹ tí ó gbé ìbọn oníwò bí i ti ológun lè di ẹni tí a ṣì mú. Kí baálẹ̀ mọ̀ pé ó jáde. Kí àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ apá ibi tí ó kọrí sí. Kí àwọn darandaran tí ó wà nítòsí mọ̀ pẹ̀lú. Kò sí awò tí ó lè ṣe iṣẹ́ tí ìsọfúnni ń ṣe.

Ìparí

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn ọdẹ méjì náà ní Ìpàtà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi bàbá léèrè bóyá kí òun ra awò náà tàbí kí òun má rà á.

“Rà á bí ó bá wù ọ́, ọmọ mi,” ni bàbá dá a lóhùn. “Ṣùgbọ́n mú un lọ sí pápá lálẹ́ láìmú ìbọn dání. Ibi tí o bá ti mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí ọmọ ènìyàn, fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Láti ọjọ́ náà lọ, má ṣe yìnbọn kọjá ibẹ̀, ìbáà ṣe ogún ẹsẹ̀.”

Ìdáhùn yìí kó gbogbo ọ̀rọ̀ pọ̀. Awò tí kò mọ jìnnà kì í ṣe awò búburú bí ọdẹ bá mọ ibi tí ó mọ, tí kò sì kọjá rẹ̀. Awò tí ó mọ jìnnà kò sì lè ran ẹni tí ó ń kánjú lọ́wọ́. Àwọn baba wa máa ń sọ pé ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọta ìbọn. Bí ó bá ti jáde, kò sí ẹni tí ó lè pè é padà. Ehoro tí ọdẹ kò yìn lónìí nítorí pé kò dá a lójú yóò tún jẹ̀ dé ibẹ̀ lọ́la. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ènìyàn ni ó yìn nítorí pé ó rò pé ehoro ni, kò sí ọ̀la tí ó lè tún un ṣe.